Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀nà Àbùjá Orí Kíbọ́ọ̀dù Tún Ọ̀rọ̀ Kọ Pẹ̀lú AI Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ìwé lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, olùkọ́, oníròyìn tàbí ẹni tó ń wáṣẹ́, mọ̀ pé àtúnkọ ló ń jẹ àkókò ju kíkọ àkọ́kọ́ lọ. Gbólóhùn kan gùn jù, òmíràn le jù létí ẹni tí a ń kọ ọ́ sí, ìpínrọ̀ kan sì ń tún ohun tí ìpínrọ̀ iwájú rẹ̀ ti sọ tán sọ. Àwọn ètò AI, ìyẹn ọpọlọ àtọwọ́dá, tó ti wọ inú kọ̀ǹpútà báyìí lè gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lò wọ́n ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á di máòsì mú, wọ́n á wọ́ ọ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, wọ́n á lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ewé AI, wọ́n á sì ní kí ó "tún un ṣe". Ohun tó máa ń padà wá ni ìwé tí kò jọ ti ẹni tó kọ ọ́ mọ́.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìtọ́sọ́nà yìí dì mú ni pé ibi tí ẹ bá yàn nìkan ló yẹ kí AI fọwọ́ kàn. Yíyan ọ̀rọ̀ ni ojúlówó iṣẹ́ níbẹ̀, bọ́tìnì tó ń pe AI wá kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí etí ẹ̀wù bá já, a kì í ní kí télọ̀ tú gbogbo ẹ̀wù palẹ̀. Ọwọ́ tó bá mọ bí a ṣe ń yan gbólóhùn kan ṣoṣo láàárín ìpínrọ̀ gígùn, láìfi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, ni yóò jẹ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ máa jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀

Lórí Windows, Shift ni ìpìlẹ̀. Ẹ gbé atọ́ka, ìyẹn ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú ìwé, sí ibi tí ẹ fẹ́ kí yíyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá di Shift mú tí ẹ sì ń tẹ ọfà ọ̀tún, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú; bí ẹ bá fi Ctrl kún un, odidi ọ̀rọ̀ ni yóò máa mú lẹ́ẹ̀kan. Shift àti End ń yan láti ibi tí atọ́ka wà dé òpin ìlà, Shift àti Home sì ń yan padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú Word, tí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti ọfà ìsàlẹ̀ pọ̀, yóò mú ọ̀rọ̀ dé òpin ìpínrọ̀. Ctrl àti A ń yan gbogbo ìwé pátá, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ máa lò kẹ́yìn nínú gbogbo wọn. Lórí Mac, Option ló ń ṣe iṣẹ́ Ctrl nígbà tí a bá ń yan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Command, Shift àti ọfà ọ̀tún sì ń mú dé òpin ìlà.

Lẹ́yìn yíyàn ni lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn ní ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù: Ctrl àti C láti kọ́pì, Ctrl àti X láti gé, Ctrl àti V láti lẹ ohun tí a kọ́pì mọ́ ibòmíràn, Ctrl àti Z láti dá ohun tí a ṣe padà. Lórí Mac, Command ni a ó fi dípò Ctrl. Larry Tesler àti Tim Mott ló ṣe iṣẹ́ gígé, kíkọ́pì àti lílẹ̀ yìí ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní Kalifọ́níà láàárín àwọn ọdún 1970, kí Apple tó fi í sórí kọ̀ǹpútà Lisa ní ọdún 1983. Púpọ̀ nínú ọ̀nà tí a ń gbà fi AI tún ọ̀rọ̀ kọ lónìí, orí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn ló dúró lé.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní ìdí pàtàkì láti máa yan odidi ọ̀rọ̀ dípò lẹ́tà. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ tó ní àmì sára ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tó tún ní àmì ohùn òkè lórí. Nǹkan méjì tó so pọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń rí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Backspace fi lè pa àmì ohùn nìkan, kí lẹ́tà sì dúró. Bí ẹ bá ń lo Ctrl, Shift àti ọfà, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn, nítorí pé odidi ọ̀rọ̀ àti àmì rẹ̀ ni ẹ ó jọ mú.

Àwọn àbùjá tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ lórí Windows 11 ni Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré tó bá kọ̀ǹpútà wá. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ notepad, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín tàbí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ tún kọ, kí ẹ wá tẹ Ctrl àti I pọ̀. Àpótí kan yóò ṣí tí ẹ ti lè ní kí ọ̀rọ̀ kúrú sí i tàbí kó gùn sí i, tí ẹ sì ti lè yí ohùn rẹ̀ tàbí ìrísí rẹ̀ padà. Bí èyí tó gbé wá bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kó tún gbìyànjú. Ẹ ní láti fi àkáǹtì Microsoft wọlé kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí Ctrl àti I kò bá pe àpótí yìí jáde lórí Notepad tiyín, ẹ tẹ Shift àti F10 nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní yíyàn. Àkójọ tí máòsì ọ̀tún máa ń ṣí ni yóò jáde, ẹ ó sì fi ọfà sọ̀ kalẹ̀ dé Rewrite. Shift àti F10 yìí wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò tó pọ̀, ibi yòówù tí AI bá sì ti fara pamọ́ sínú àkójọ máòsì ọ̀tún ni ẹ ti lè fi ṣí i.

Nínú Microsoft Word lórí Windows, Alt àti I ló ń pe Copilot, ìyẹn AI ti Microsoft, wá sójú ìwé fún ẹni tí Copilot bá wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Kí ẹ tó pè é, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti E, kí Word lè máa ṣàmì sí àyípadà tó bá dé bá ìwé, kí ẹ lè rí ọ̀rọ̀ tó jáde àti èyí tó wọlé.

Lórí Mac, Apple gbé irinṣẹ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024 pẹ̀lú macOS 15.1, fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ M1 sókè. Ẹ lè fún un ní àbùjá tó wu yín. Ẹ ṣí System Settings, ẹ lọ sí Keyboard, Keyboard Shortcuts, lẹ́yìn náà App Shortcuts, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, ẹ kọ Show Writing Tools gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àkójọ Edit, kí ẹ wá tẹ àwọn bọ́tìnì tí ẹ yàn, bíi Control, Option àti W. Láti ìgbà náà, ẹ yan ọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n, àpótí yóò ṣí. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí Apple ṣí irinṣẹ́ yìí fún, nítorí náà lẹ́tà tí ẹ bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni kí ẹ máa lò ó fún.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò kì í ṣe tuntun, wọn kò sì ní èyíkéyìí nínú ohun tí mo ti dárúkọ yìí. Ìyẹn kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí ìwé yín sí ojú kan, kí ẹ ṣí ChatGPT, Gemini, Claude tàbí AI mìíràn tí ẹ bá ń lò sí ojú kejì. Ẹ yan gbólóhùn, ẹ tẹ Ctrl àti C, ẹ tẹ Alt àti Tab láti bọ́ sójú kejì, ẹ kọ àṣẹ yín, ẹ tẹ Shift àti Enter láti bọ́ sí ìlà tuntun láìtíì fi ránṣẹ́, ẹ tẹ Ctrl àti V, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tẹ Enter. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ kọ́pì rẹ̀, ẹ tẹ Alt àti Tab padà sínú ìwé yín, gbólóhùn tí ẹ yàn lẹ́ẹ̀kan ṣì wà ní yíyàn níbẹ̀, Ctrl àti V yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tí èsì bá gbé lẹ́tà ńlá tàbí àwọ̀ àjèjì wọlé, Ctrl, Shift àti V ni kí ẹ lò dípò rẹ̀ nínú Google Docs, nínú Word tuntun àti nínú ọ̀pọ̀ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà. Yóò mú ọ̀rọ̀ nìkan wọlé. Ẹni tó bá ti fi áàpù ChatGPT sórí kọ̀ǹpútà kò nílò Alt àti Tab nígbà gbogbo, nítorí Alt àti Space lórí Windows, tàbí Option àti Space lórí Mac, ń pe àpótí kékeré rẹ̀ wá sórí ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe.

Ẹ fi Windows àti V kún un. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò bèèrè pé ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tí ẹ ń kọ́pì mọ́. Ẹ gbà fún un. Láti ìgbà náà, yóò máa rántí ohun tó tó 25 tí ẹ kọ́pì gbẹ̀yìn, gbólóhùn yín àkọ́kọ́ àti àtúnkọ AI yóò sì jọ wà níbẹ̀ tí ẹ ó fi yan èyí tó wù yín. Ọ̀kan lára àwọn ohun tó dára jù nínú Windows nìyí lójú mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú ìkéde ẹgbẹ́ àdúgbò kan:

"Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé wa, ẹ kú àmúmọ́ra òkùnkùn. Ìpàdé wa tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá tí a kò lè ṣe nítorí òjò, a ti sún un sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí onílé kọ̀ọ̀kan mú ₦5,000 wá, kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan mú ₦2,000 wá fún àtúnṣe tiransifọ́mà, ẹni tó bá sì ti san tẹ́lẹ̀ kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ dání."

Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti A níhìn-ín tí ẹ sì ní kí AI "tún un kọ kó dára", ohun méjì ló ṣeé ṣe kó bàjẹ́. Ìkíni yẹn, tó bá ipò tí àwọn ará àdúgbò wà mu gẹ́lẹ́, lè di "A nírètí pé àlàáfíà ni ìwé yìí bá yín", èyí tí kò sẹ́ni tó ń fi kí aládùúgbò rẹ̀. Owó onílé àti ti ayálégbé sì lè di ọ̀kan ṣoṣo níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti gé ọ̀rọ̀ kúrú, ìjà lèyí yóò sì dá sílẹ̀ ní ìpàdé.

Gbólóhùn kejì nìkan ló níṣòro, nítorí náà òun nìkan ni kí ẹ yàn. Ẹ gbé atọ́ka sí iwájú "Ìpàdé", ẹ di Shift mú, ẹ máa tẹ ọfà ìsàlẹ̀ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ fi Shift àti End parí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́pì rẹ̀, àṣẹ tí ẹ ó kọ sí AI yóò lọ báyìí: "Pín gbólóhùn yìí sí gbólóhùn kúkúrú mẹ́rin. Má fi ohunkóhun kún un, má yọ ohunkóhun kúrò. Owó, ọjọ́ àti aago kò gbọdọ̀ yí padà. Fi gbogbo àmì ohùn sí i. Má ṣe àlàyé, gbólóhùn náà nìkan ni mo fẹ́." Èsì tó dára yóò jọ èyí:

"A kò lè ṣe ìpàdé wa ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá nítorí òjò. A ti sún un sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí onílé kọ̀ọ̀kan mú ₦5,000 wá, kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì mú ₦2,000 wá, fún àtúnṣe tiransifọ́mà. Ẹni tó bá ti san tẹ́lẹ̀, kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ dání."

Ẹ kíyè sí i pé àṣẹ náà kò sọ pé "kó dára". AI kò mọ ohun tó dára lójú yín. Ohun tó yé e ni kíkúrú, pípín, yíyọ àti fífi sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìlà tó ní kó má ṣe àlàyé náà ṣe pàtàkì, nítorí láìsí i, yóò fi ìfáàrà ṣáájú èsì, ẹ ó sì ní láti máa gé e kúrò kí ẹ tó lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé.

Fífi àṣẹ pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà díẹ̀

Kò yẹ kí ẹ máa kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Lórí Mac, ẹ lọ sí Keyboard nínú System Settings, ẹ wá Text Replacements, kí ẹ ní kí "pgb" máa di gbogbo àṣẹ tí mo kọ sókè yìí. Lórí Windows, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ AutoHotkey ń ṣe é. Ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ahk, ẹ kọ ìlà kan sínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ::pgb::, kí àṣẹ yín wá tẹ̀ lé e lójú kan náà láìfi àyè sílẹ̀. UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pa lẹ́tà Unicode mọ́ sínú fáìlì, ni kí ẹ yàn nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì náà kí àmì ohùn má baà dàrú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ibikíbi tí ẹ bá ti kọ pgb tí ẹ sì tẹ Space, odidi àṣẹ ni yóò jáde. Mẹ́ta irú rẹ̀ ti tó ẹni tó pọ̀: ọ̀kan fún pípín gbólóhùn gígùn, ọ̀kan fún gígé ìpínrọ̀ kúrú, ọ̀kan fún mímú lẹ́tà tó le rọ̀ láìyí ohun tó ń béèrè padà.

Àyẹ̀wò kí ìwé tó jáde

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ àtúnkọ mọ́ ìwé, ẹ tẹ Ctrl àti Z, ti àtijọ́ yóò padà. Ẹ tẹ Ctrl àti Y, tuntun yóò dé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ojú lè fi méjèèjì wéra níbi kan náà, ohun tó sọnù kò ní pẹ́ hàn. Ẹ tún tẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá àmì ₦, kí ẹ lè yẹ gbogbo iye owó wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ má gbára lé Ctrl àti F fún ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì, nítorí lẹ́tà méjì tó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì ohùn lé lórí, èkejì sì lè jẹ́ é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, àwọn ètò kan kò sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ fẹnu ka àtúnkọ Yorùbá jáde. Àmì ohùn tí AI fi sí i lè pé, kó má sì tọ̀nà, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún Windows láti inú Settings, lábẹ́ Time & language, kí ẹ máa fi Windows àti Space pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Lórí Mac, kíbọ́ọ̀dù ABC – Extended ló ní àwọn àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tí a nílò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ojú AI orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Nọ́ńbà BVN, NIN, èsì àyẹ̀wò àìsàn àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì fi ojúṣe lé ẹni tó bá ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nínú Word tàbí Notepad lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl àti H kí ẹ tó kọ́pì, kí ẹ fi "ẸNI A" rọ́pò orúkọ, kí ẹ fi "NỌ́ŃBÀ 1" rọ́pò nọ́ńbà. Nígbà tí àtúnkọ bá ti wọlé, Ctrl àti H kan náà ni ẹ ó fi dá wọn padà sí ipò wọn. Bó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tàbí ti káfè ni ẹ lò, ẹ tẹ Windows àti V kí ẹ tó dìde, kí ẹ yan Clear all, kí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín má baà bá ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀.